Ẹ Kọ́kọ́ Tú Kébù Sílẹ̀

Ìyìn tí mo gbọ́ ní oríta Kétu lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bí mi nínú tí mo fi mú bírò. Wọ́n ń yin ọmọ mẹkáníìkì kan pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Peugeot 504 Coupé kan ló wọlé láti Kútọnu, olówó rẹ̀ wá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀ náà kò mú mọ́: bí a bá fa ọ̀pá rẹ̀ títí tó fi kan òkè, ọkọ̀ ṣì ń yí. Ọmọ náà wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi súpánà fún nọ́ọ̀tì tó wà lórí kébù, ó jáde, ó ní kí olówó fà á wò. Ọ̀pá kò kọjá eyín kejì tó fi mú. Olówó fi owó lé e lọ́wọ́, gbogbo oríta pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ohun tí àwa àgbà ń fi odidi ọjọ́ ṣe, ọmọ náà parí rẹ̀ kí ènìyàn tó jẹ àkàrà tán.

Ọkọ̀ náà kò dé Pobẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ gíga Kétu ti ń dà gẹ̀rẹ́ sí àfonífojì Lama, tí ilẹ̀ pupa ń parí, tí ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí ń bẹ̀rẹ̀, olówó dúró láti ra iṣu. Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó mú dáadáa. Ó gbọ́kàn lé e tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi jíà kọ́ ọkọ̀. Wọ́n ṣì ń ná iṣu lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ fúnra rẹ̀. Inú gọ́tà ló lọ já sí. Ògún ni kò jẹ́ kí ọmọ ènìyàn wà níwájú rẹ̀.

Èmi ni wọ́n wọ́ ọ wá fún. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ lánàá ló tún yí ohùn padà pé ọkọ̀ ti gbó, pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wà lójú ọ̀nà mọ́. Ọkọ̀ kò ṣẹ̀ wọ́n. Mo yọ táyà ẹ̀yìn, mo rí dísìkì tó ti di aró nítorí iná, mo rí páàdì tó ti jó. Mo wo apá kékeré tó wà lẹ́yìn kálípà, èyí tí kébù ń fà: kò fẹ̀yìn ti ibi tó yẹ kó fẹ̀yìn tì. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tó ń fa ọ̀pá bíréèkì nínú ọkọ̀ lásìkò yẹn. Nọ́ọ̀tì tí ọmọ náà fún ló ń fa bíréèkì láti Kétu títí dé ibi tí ọkọ̀ ti lọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí ó jọ idán lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Páàdì ń ha dísìkì ní gbogbo ọ̀nà. Irin tó bá gbóná a máa wú. Nígbà tí olówó fa ọ̀pá, irin tó ti wú ni páàdì dì mú, ó sì dì í mú gírígírí lóòótọ́. Ọkọ̀ dúró, atẹ́gùn fẹ́ sí dísìkì, ó tutù, ó sún kì. Ohun tí páàdì dì mú tín-ín-rín sí i, ṣùgbọ́n kébù ò mọ̀ pé ó yẹ kí òun tún fà sí i. Ìdìmú dẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ṣe ìyókù. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ onídísìkì lẹ́yìn fi lè dúró níṣojú olówó rẹ̀ kó sì lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i rí kì í yin eyín kejì mọ́.

Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń gbé jáàkì, tàbí bí a ṣe ń ti òkúta bọ abẹ́ táyà iwájú. Ẹ ti mọ ìyẹn kí wọ́n tó fún yín ní aṣọ iṣẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, màá sì sọ ọ́ títí yóò fi sú yín: kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí bíréèkì ọwọ́, ẹ kọ́kọ́ tú kébù sílẹ̀. Ẹ tú u pátápátá, kó rọ̀ jọ̀wọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ọ̀tì kébù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìparí.

Bíréèkì ọwọ́ tí a fi kébù fún le dà bí ọkùnrin tí a ní kó na ọwọ́ sókè láti àárọ̀: nígbà tí ẹrù bá wá dé lálẹ́ tí a ní kó gbé e, kò sí okun lápá rẹ̀ mọ́. Apá tó wà lẹ́yìn kálípà, tàbí èyí tó wà nínú dírọ́ọ̀mù, ní ìwọ̀n ibi tó lè rìn dé. Bí kébù bá ti jẹ ìdajì ìrìn náà kí a tó fọwọ́ kan ọ̀pá, ìdajì tó kù ni olówó ń fà. Ó ń yọ̀ pé ó ti mú, bẹ́ẹ̀ ohun tó kù kò tó dá ọkọ̀ dúró tó bá di pé nǹkan le.

Ẹ lè ní ti dísìkì nìyẹn. Ti dírọ́ọ̀mù ńkọ́? Èyí tí a fi ń gbé èrò láti Kétu lọ sí Pobẹ̀, sí Sakété, sí Àjàṣẹ́ láyé ọjọ́un, 504 ẹlẹ́yìn gígùn tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta, dírọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣúù a máa jẹ díẹ̀díẹ̀, àlàfo tó wà láàárín òun àti dírọ́ọ̀mù a sì máa fẹ̀. Àlàfo yìí ni olówó ń rí nígbà tí ọ̀pá bá ń gòkè ju bó ti yẹ lọ. Inú táyà ni àìsàn wà. Ọmọ mẹkáníìkì wá lọ ń wo kébù sàn. Ó fún un, kébù fa apá inú dírọ́ọ̀mù síwájú, ṣúù jókòó ní gẹ́gẹ́ sára dírọ́ọ̀mù, apá kan kàn án, apá kan kò kàn án. Ọ̀pá mú, olówó yọ̀. Kò pẹ́, dírọ́ọ̀mù gbóná, òórùn jíjó gba inú ọkọ̀, epo sì ń tán kíákíá. Bí wọ́n bá tún gbé e wá, ẹlòmíràn á tún fún kébù sí i. Mo ti rí ọkọ̀ tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti tán lórí ìdè, tí kò sí ibi tí a tún lè fún un sí, tí ṣúù inú rẹ̀ kò sì tíì jẹ dé ìdajì.

Ẹ tú kébù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí ìdí táyà. Ẹ yí ohun tó ń ti ṣúù jáde títí ṣúù yóò fi mú dírọ́ọ̀mù, kí ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí táyà yóò fi yí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wọ inú ọkọ̀, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ léraléra kí ṣúù lè wá àárín ara rẹ̀, kí ẹ tún padà lọ yí táyà wò. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ irú èyí tí bíréèkì rẹ̀ ń tò ara rẹ̀, ẹ rántí pé kò lè tò ara rẹ̀ bí kébù bá ń fa apá rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà dé ibi ìsinmi rẹ̀ kó tó mọ̀ pé àlàfo wà. Ẹ̀yin tí ẹ fún kébù lẹ pa á lẹ́nu mọ́. Nígbà tí gbogbo èyí bá ti parí, tí táyà méjèèjì ń yí bákan náà, ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀tì kébù tó kàn. Ẹ ó rí i pé ìwọ̀n tí ẹ ó fún un kò tó nǹkan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ilé iṣẹ́ fi í sí náà ni yóò padà sí.

Ọwọ́ ọ̀gá mi ni mo ti kọ́ èyí, ní Pobẹ̀, láyé tí ọ̀nà Pobẹ̀ sí Kétu ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa, tí ìjọba Kérékou ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè. 404 ló pọ̀ jù ní gáráàjì wa, èyí tí a ń fa bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ní òun ti parí bíréèkì ọwọ́, kò ní fa ọ̀pá wò rárá. Yóò na ara sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, yóò ti ìka bọ ibi tí kébù ti wọ ẹ̀yìn táyà, yóò mì í. Bí kébù bá dún tán-án-tán bí okùn gòjé, yóò jáde, yóò nu ọwọ́, yóò ní, "Tú u." Kò ní sọ ohun tó burú. Ẹ̀gbọ́n kan wà nínú àwa ọmọ iṣẹ́, àgbà ni sí wa, ó sì ti fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀gá ní kó tú u, ó tún un ṣe, ọ̀gá tún ní kó tú u, títí ilẹ̀ fi ṣú. Olówó ọkọ̀ jókòó lórí àpótí, ó ń bínú pé ọkọ̀ òun ti dúró, kí ni wọ́n tún ń wá. Ọ̀gá mi dá a lóhùn pé ọkọ̀ ò tíì dúró, wọ́n dì í mọ́lẹ̀ ni.

Ní 1984, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnu bodè pa, ni mo tó mọ iyì ohun tí mo kọ́. Títí di 1986 ni wọn kò ṣí i. Gbogbo wa tí a wà lápá ibí mọ ibi tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti ń wá. Láti 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna ti ń to ọkọ̀ ní Nàìjíríà, ohun tí a bá sì fẹ́ fún 504, Èkó ni a ti ń rà á, ó ń gba Ìlárá wọlé sí Kétu. Wọ́n wá ti ọ̀nà. Kébù tuntun di ohun àwátì. Ohun tí àwa ṣe ni pé a yọ kébù àtijọ́, a so ó rọ̀ sórí igi àjà, a fi ike ṣe ẹnu àrọ sí i lórí, a da epo ẹ́ńjìnì tó mọ́ sínú rẹ̀ kó máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀ di ọjọ́ kejì. A ó wá máa fà á lọ fà á bọ̀ títí ìpata yóò fi bá epo jáde. Kébù tí ẹlòmíràn ti sọ nù padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ń kìlọ̀ o: àwọn kébù tuntun kan wà tí wọ́n ti fi rọ́bà dídán tẹ́ inú rẹ̀. Ẹ má da epo sí irú wọn. Bí wọ́n bá ti há, ẹ pààrọ̀ wọn.

Ta ló lè mọ̀ pé kébù há bí kò bá tú u? Ìbéèrè tí mo bi ọmọ oríta yẹn nìyẹn, kò dáhùn. Kébù tí a fún le kì í jẹ́wọ́. Nígbà tó bá rọ̀ tán ni ọwọ́ máa mọ̀ pé ó ń rìn tàbí kò rìn. Amọ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí burú fún un jù. Lákòókò òjò, yóò wọ ẹnu awọ kébù, ẹ̀ẹ̀rùn yóò dé, yóò gbẹ síbẹ̀. Ọ̀tún lè há kí òsì má há. Ẹ wo irin kékeré tó pín agbára sí kébù méjèèjì lábẹ́ ọkọ̀: bí ọ̀pá bá gòkè, ó yẹ kí irin náà dúró déédéé. Bó bá fì sí apá kan, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń ṣiṣẹ́. Fífún nọ́ọ̀tì kò lè wo ìyẹn sàn láéláé, ńṣe ni yóò jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó dára jó kí èyí tó há tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ṣí dírọ́ọ̀mù, ẹ má fẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀, ẹ má sì fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ ẹ. Ṣúù ayé àtijọ́ ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ títí ayé. Omi ni kí ẹ fi rẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ sọ àkísà náà nù. Láyé ìgbà tiwa, ẹnu la fi ń fẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa.

Ó dùn mí pé 504 Coupé ni wọ́n ṣe báyìí sí. Ẹ̀yin tí Toyota tó ti èbúté Kútọnu wọlé nìkan lẹ mọ̀, ẹ lè má mọ irú ọkọ̀ tó wà níwájú yín. Pininfarina ti Ítálì ló ya àwòrán ara rẹ̀. Ní 1969 ni wọ́n fi í han ayé ní Geneva, ní 1983 ni wọ́n ṣe é mọ. Safari, ìdíje ọkọ̀ ilẹ̀ Kenya, kò sí ọ̀nà tó burú jù ú lọ fún ọkọ̀: ẹrẹ̀ rẹ̀ ń gbé táyà mì, eruku rẹ̀ ń bo ojú ọ̀run. 404 gbà á ní 1963, ó tún gbà á ní 1966, 1967 àti 1968. Ove Andersson fi 504 gbà á ní 1975. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas gbé 504 Coupé, èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ onísìlíńdà mẹ́fà, ó gba Safari, lọ́dún kan náà ó tún gba ti Côte d'Ivoire, ní Áfíríkà tiwa níbí. Nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wakọ̀ a máa fa bíréèkì ọwọ́ lójú kọ̀rọ̀ tóóró kí ìdí ọkọ̀ lè yí wálẹ̀. Bó bá fà á tó mú, tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ tí kò tú, ìdíje ti parí fún un. Nítorí náà, bíréèkì ọwọ́ tó dára gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń mú àti bí a ṣe ń jọ̀wọ́. Gbogbo oríta ló ń dán mímú wò. Èmi kò tíì rí ọmọ tó dán jíjọ̀wọ́ wò.

Bí èmi ṣe ń dán an wò rèé. Lẹ́yìn tí mo bá tò ó tán, màá gbé ọkọ̀ jáde, màá rìn jìnnà díẹ̀, màá padà wá láìfa bíréèkì ọwọ́ rárá. Màá gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi sún mọ́ táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mi ò ní fi kàn án. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ, tàbí tí méjèèjì gbóná ju iwájú lọ, iṣẹ́ kò tíì parí, màá padà sábẹ́ rẹ̀. Bó bá dára, màá gbé e lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, màá fa bíréèkì ọwọ́, màá yọ jíà, màá fi igi sẹ́yìn táyà pẹ̀lú àlàfo díẹ̀, kó má kàn án. Màá jókòó síbẹ̀ títí irin yóò fi tutù. Màá yí orí ọkọ̀ padà, màá tún ṣe é. Bí táyà bá sún dé ara igi, mo mọ̀ pé irọ́ ni ọ̀pá ń pa fún mi. Àwọn kan á ní ìyẹn ń fi àkókò ṣòfò, pé oníbàárà ń kánjú. Kó máa kánjú. Oníbàárà kì í wọ abẹ́ ọkọ̀, ojú tiwa ló fi ń ríran níbẹ̀.

Mo sì gbọ́ àwíjàre kan tó ń jáde lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ pé iṣẹ́ kébù ti ń kú lọ, pé bọ́tìnì ni ọkọ̀ tuntun ń lò. Òótọ́ ni, mọ́tò kékeré ló ń fún páàdì nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ti pààrọ̀ páàdì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí: kí ló kọ́kọ́ ṣe? Ó ní láti pàṣẹ fún mọ́tò náà kó fà sẹ́yìn pátápátá, kó jọ̀wọ́ ohun tó dì mú, kó tó lè fọwọ́ kan páàdì. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò fọ́ kálípà tó wọ́n ju odidi 504 mìíràn lọ. Wọ́n yọ kébù kúrò, wọn kò yọ ìlànà rẹ̀ kúrò.

Àwa ọ̀gá ló jẹ̀bi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. A ń tú àwọn ọmọ sílẹ̀ wọ̀ǹtìwọ́ǹtì, à ń da páúdà sí wọn lórí, à ń fọn kàkàkí, ìyá wọn ń jó, bẹ́ẹ̀ la kò tíì rí wọn kí wọ́n dá nìkan to bíréèkì ọwọ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnì la fi ń dán wọn wò, nítorí ẹ́ńjìnì ń pariwo, gbogbo ènìyàn ló sì ń gbọ́ nígbà tó bá ta. Bíréèkì ọwọ́ kì í pariwo. Mo bẹ gbogbo ẹ̀yin ọ̀gá tó ní ọmọ lọ́wọ́, láti Ìlárá dé Kétu, títí dé Pobẹ̀: kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ọmọ kankan lọ́dún yìí, ẹ gbé e wọ abẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ kan tí bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ kò mú, kí ẹ má sọ ohunkóhun fún un, kí ẹ kàn máa wo ibi tí súpánà rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ fún nọ́ọ̀tì kébù ni, ẹ dá a dúró fún ọdún kan sí i.